Sílíìpù Tí Mo Fi Ọ̀rá Bò

Òórùn ọ̀rá gbígbóná ni. Kì í ṣe òórùn ọ̀rá tó ń jóná o, irú èyí tí atẹ́gùn máa ń gbé wá bá wa láti orí ààtàn ńlá Solous nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí mò ń wí rọra ń gbóná ni, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń láminéètì ìwé, tó ń fi ọ̀rá bo ìwé tiwájú tẹ̀yìn, ló ti ń jáde, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì ní Igando, níbi tí obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń ṣe fọ́tòkópì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà síbẹ̀ láti ṣe ẹ̀dà ìwé kan. Ẹni tó wà níwájú mi mú sáfíkéètì ọmọ rẹ̀ wá, ẹ̀rọ náà ti gbóná, òórùn yẹn sì kọ lù mí. Mo kó ìwé mi, mo jáde. Obìnrin náà pè tẹ̀lé mi pé, "Sà, ẹ ò ní dúró gba ẹ̀dà yín ni?" Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò padà. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó ń sá fún òórùn ọ̀rá. O lè rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, èmi náà á ti rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọ, jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì tó wá jẹun l'Ékòó, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé. Apá tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni kíkọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka àyọkà kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè. Mo ní pátákó kan ní kíláàsì mi tí mo kọ ọ́ sí gàdàgbà: Kà á tán kí o tó ṣe é. Fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun kejì ni pé mo máa ń bẹ̀rù kí ìwé bàjẹ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ń jò, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì pa sáfíkéètì bàbá mi rẹ́, tí bàbá náà fi kú lẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún gbogbo ọ́fíìsì pé òun kàwé. Nítorí náà, láti ìgbà tí mo ti gba owó oṣù àkọ́kọ́, kò sí ìwé tó wọ ọwọ́ mi tí mi ò fi ọ̀rá bò. Ìwé ìbí mi, mo fi ọ̀rá bò ó. Sáfíkéètì mi, ìwé ìgbéyàwó wa, gbogbo wọn ń dán bí awo tuntun. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé bí òun bá sùn gbàgbé lórí àga, òun lè jí kí òun bá ara òun nínú ọ̀rá.

Nígbà tí a bí ọmọ wa kejì, mo fi ọ̀rá bo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà. Ó di oṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì gbé káàdì lé itan, ó fẹ́ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí i, báírò ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ọṣẹ. Ìyàwó mi ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní òmíràn. Nígbà tó délé, a fi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Mo sọ ọ́ di ìtàn. Mo sọ ọ́ ní yàrá àwọn tíṣà, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi gbogbo. O lè máa rò pé ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí á ti kọ́gbọ́n. O ò tíì mọ ohun tí ẹ̀rín máa ń ṣe fún irú àwa yìí. Ohun tí a bá ti fi rẹ́rìn-ín tán, a máa ń rò pé a ti tún un ṣe.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kékeré kan, kò jìnnà sí ilé tí a háyà. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kò lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà tó ni ibẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń gbẹ̀bí, tó ń di egbò, tó ń rí iṣan lápá ọmọ ọwọ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ ti wá a títí tó ti jáwọ́. Síbẹ̀, bí ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ bá dé, ọmọ yẹn ni yóò jókòó sídìí tábìlì, òun ni yóò buwọ́ lu ìwé, ìyàwó mi á sì lọ máa fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó ní ọ̀kan nínú wọn sọ fún òun níwájú aláìsàn pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ káwọn tó kàwé ẹ̀ ṣe é." Ó ní ọwọ́ òun ṣì wà lára aláìsàn náà nígbà tó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ tó yàn fi ààlà sí ọjọ́ orí, ọdún yẹn gan-an ló sì kù fún un. Bó bá ti lè ṣe ọjọ́ ìbí tó ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni mo lè ṣe é o." Tíṣà ló ti ń pè mí láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra sọ́nà. Lọ́jọ́ yẹn ni èmi náà sọ ọ́ lórúkọ, mo ní, "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kúkú ti yege." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣa òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà.

Oṣù mẹ́ta ló fi kàwé. Bó bá tibi iṣẹ́ dé, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nínú báàfù, á gbé ìwé bàọ́lọ́jì ọmọbìnrin wa àgbà lé orókùn. Èmi ni mò ń bi í ní ìbéèrè. "Mátírọ́ọ̀nù, kí ni iṣẹ́ kíndìnrín?" Á dáhùn. "Mátírọ́ọ̀nù, yàrá mélòó ló wà nínú ọkàn èèyàn?" Á ní mẹ́rin. Mo ní, "Èwo ni wọ́n fi ọkọ sí?" Á ju sálúbàtà lù mí, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí kí o má baà rò pé ilé ìbànújẹ́ ni. Inú wa ń dùn. Mi ò rántí ìgbà kankan tí inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọmọbìnrin kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa, ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì wọlé. Òun ló wá sọ bí nǹkan ṣe ń rí lọ́jọ́ náà fún ìyàwó mi. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń ka á lórí ìka. "Àǹtí, àwọn èèyàn yẹn ò kí ń ṣeré. Fóònù, ẹ fi sílé. Aago, ẹ fi sílé. Yẹtí, ẹ yọ ọ́. Ẹ má dirun àdìmọ́ lọ o, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tú u lójú gbogbo ayé. Aago méje kẹ́ ẹ ti wà lórí ìlà. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, wọ́n á ti géètì, bó jẹ́ ìyá wọn ló wà níta."

Mo ní, "Ṣé ìdánwò ni wọ́n ń lọ ṣe ni, àbí wọ́n ń lọ sẹ́wọ̀n?"

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa fi ṣeré. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa ti mọ́ta."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò pé ni wọ́n gbé sílíìpù jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sílíìpù yìí ni ìwé tí olúkúlùkù máa mú dání wọlé, orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ni ìyàwó mi ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí bébà kan fún mi. Ó ní, "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, Tíṣà. Ẹ kà á dáadáa o, kẹ́ ẹ sọ gbogbo nǹkan tí wọ́n ní ká mú wá fún mi." Mo ní ta ni kò mọ̀wé kà nínú ilé yìí.

Ṣọ́ọ̀bù obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mo lọ. Òjò ń rọ̀ lórí páánù débi pé a ní láti pariwo fún ara wa. Sílíìpù náà jáde, ó gbóná lọ́wọ́ mi. Mo wo fọ́tò ìyàwó mi lápá ọ̀tún lókè. Mo wo orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Mo wo ọjọ́, mo wo aago, mo wo ibi tí ìdánwò wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kan wà tí wọ́n fi tóótòòtó fà kọjá láàárín ìwé náà, nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà, bí ìlà mẹ́fà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ni. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Mo wo ìta, mo wo òjò, mo rántí sáfíkéètì bàbá mi. Mo ní, "Ẹ bá mi bò ó."

Obìnrin náà ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, sà?"

"Gbogbo ẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Òjò wo ló máa wá rí i gbé ṣe?"

Ó ti ìwé náà bọ ẹnu ẹ̀rọ, òórùn yẹn sì gba ṣọ́ọ̀bù kan. Mo dúró síbẹ̀, mò ń fa á símú, mo sì ń yin ara mi. Ìfẹ́ nìyẹn, lójú mi. Àwọn ọkọ yòókù á ká a sápò.

Nígbà tí mo fún un nílé, ó gbé e sábẹ́ iná, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, obìnrin méjì ló gbẹ̀bí fún. Ó ní, "Ó mà dán o." Lẹ́yìn náà ló fi èékánná tọ ìlà tóótòòtó yẹn. "Tíṣà, ṣé kò sí ibi tí wọ́n á ti kọ nǹkan sí i báyìí? Ẹ rántí káàdì ọmọ."

Mo ní, "Ta ni tíṣà nínú àwa méjèèjì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ni jàre."

Mo tún ní, "Ìwé yìí ò lè bàjẹ́ láéláé. Bí o bá yege, bí o ò yege, ìwé á ṣì wà." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà tún rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sínú ọ̀rá ṣúgà pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀ àti fọ́tò méjì. Bí mo ṣe pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Mi ò gbá a létí, mi ò pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe é, bí mo ṣe ń fi í ṣe gbogbo nǹkan.

Lọ́jọ́ ìdánwò, aago márùn-ún àbọ̀ la jáde nílé. Òjò ń ṣe wẹ́liwẹ́li, irú èyí tí kì í rọ̀ dáadáa, tí kì í sì í dá. Ó wọ kaba búlúù kan tí kò lápò, ó dirun ní ṣùkú, etí rẹ̀ ṣófo. Ibi ìdánwò náà wà lẹ́yìn Ìyànà Ìpájà, ní òpópónà kan tó wọnú lọ díẹ̀, ilé alájà méjì tó ní géètì irin dúdú. Wọ́n ta okùn kan síwájú géètì kí àwọn tó sin èèyàn wá má baà kọjá. Aago méje ò tíì lù, ìlà ti gùn dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí rẹ̀ ni ìyàwó mi lè bí. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ọmọ yín lẹ mú wá?"

Ìyàwó mi ní, "Rárá o. Ara mi ni mo mú wá."

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì fún un láyè kó dúró sábẹ́ agbòòrùn òun. Èmi dúró lẹ́yìn okùn láàárín àwọn òbí. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé sílíìpù ọmọ rẹ̀, omi sì ti wọ ọ́ lápá kan. Mo fi ti ìyàwó mi hàn án láti òkèèrè, bó ṣe ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo tiwa níbẹ̀ yẹn. Kó rọ̀ di ọ̀la." Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ nǹkan ṣe." Mo gbà á bí oríyìn.

Wọ́n ṣí géètì ní aago méje ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé òǹtẹ̀ àti yíǹkì síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ fún un ní sílíìpù. Obìnrin náà ní kó tẹ àtàǹpàkò bọ yíǹkì, kó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó wá ṣẹ́ ìwé náà lórí ìlà tóótòòtó yẹn, ó fà á ya, ó mú ìsàlẹ̀, ó dá òkè padà fún un. Ó ní kó wọlé. Nígbà tó ṣe ti ẹni kejì bẹ́ẹ̀, mo tún wo sílíìpù tó ń dán lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àsìkò ṣì wà. Ó tó ogójì èèyàn tó wà níwájú ìyàwó mi. Bí mo bá pè é jáde nígbà yẹn, a lè sáré lọ tẹ òmíràn, kí a padà, kí ó tún tò sẹ́yìn ìlà. Òun náà ti rí ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Ó yíjú padà, ó wá mi láàárín èrò, ó gbé sílíìpù náà sókè díẹ̀, ó fi ojú bi mí léèrè. Bàbá ọlọ́rà píọ̀ wọ́tà ń wò mí, òun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́nnu fún. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyàwó mi. Mo na àtàǹpàkò mi sókè, pé kò séwu. Ó mi orí, ó kọjú síwájú.

Mò ń sọ fún ara mi pé wọ́n á gbójú fò ó. Mò ń sọ fún ara mi pé ẹni tó bójú tó ìwé rẹ̀ tó báyìí, inú wọn á dùn sí i ni. Mo fi bí ogún ìṣẹ́jú dúró síbẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ tábìlì yẹn ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀.

Obìnrin oníkóòtù gba sílíìpù náà, ó gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ, ó ta padà. Ó ní kó tẹ àtàǹpàkò, yíǹkì náà ràn kiri lórí ọ̀rá bí epo. Ó gbójú sókè. "Màdáàmù, ta ló ní kẹ́ ẹ bò ó?"

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi ketekete. Ó ní, "Èmi ni, mà."

"Ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?" Ó fi báírò tọ́ka sí ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn, ó sì kà á sókè, kì í ṣe láti dójú tì í, bí ẹni tó ti ń kà á fún èèyàn láti àárọ̀ ni. Ìlà kẹta nínú mẹ́fà ló wà: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rá bo ìwé yìí. Ó ní, "Ẹ sáré lọ tẹ òmíràn. Aago mẹ́jọ la ń tìlẹ̀kùn."

Mo ti fo okùn nígbà yẹn. A sáré. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tó sún mọ́ wa jù wà ní òdìkejì títì, a sì ní láti gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó kún fún àwọn tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti omi tútù àti okùn fóònù. Ìyàwó mi ń wí fún gbogbo èèyàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n kọjá." Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan jẹnẹrétọ̀ ni. Ó fà á, ó kọ̀. Ó tún fà á. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbà láti jí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí bìrìpó lójú rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Ìyàwó mi dúró, ó di etí tábìlì mú, ó ń wo nǹkan tó ń yí yẹn bó ṣe máa ń wo aboyún tí ọmọ rẹ̀ ò tètè wá. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó máa ṣí." Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ pé kí n dákẹ́.

Ó ṣí. Ó jáde. A tún gun afárá náà padà. Kò ní aago lọ́wọ́, èmi ni mo ní, kò sì bi mí ní aago mélòó ló lù. Nígbà tí a já sí òpópónà yẹn, bàbá ọlọ́rà píọ̀ wọ́tà ló kọ́kọ́ rí wa. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tì í." Aago mẹ́jọ ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Obìnrin oníkóòtù jáde wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì nígbà tí gádì pè é. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, gbogbo ara. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Àwọn tó wà nínú ti bẹ̀rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ti tì." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ẹ máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, àǹtí mi."

Ìyàwó mi ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, mà, ọjọ́ orí mi…" Obìnrin náà ti yíjú, ó ti wọlé.

Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí obìnrin yẹn. Mò ń sọ níbi iṣẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, pé èèyàn ò láàánú lójú mọ́. Àmọ́ ta ló ń dúró sí géètì iléèwé wa lọ́jọ́ Ajé, tó ń ti àwọn ọmọ tó pẹ́ mọ́ta, tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ láti inú? Èmi náà kọ́ ni? Mo ti fi géètì náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn báyìí. Wọ́n rò pé ìbàdí ló ń dùn mí.

Kò sunkún. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wọ̀ padà, sílíìpù méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, èyí tó tutù àti èyí tó ń dán. Nígbà tí a dé Igando, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo ní ṣé kò ní kọ́kọ́ délé sinmi. Ó ní, "Èèyàn wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ sórí koríko, ó wọlé. Ọmọkùnrin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní òun ló gbẹ̀bí rẹ̀, ọmọdébìnrin onísáfíkéètì sì buwọ́ lùwé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè láti Èkìtì láti béèrè bí ìdánwò ṣe lọ, mo wà nínú yàrá. Ó ní, "Mi ò tètè débẹ̀ ni, màámi." Ìyá náà bá a wí títí, pé irú àìbìkítà wo nìyẹn, pé ọkọ tó kàwé ló fẹ́. Ó ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Tíṣà mọ́. Kì í ṣe pé ó bínú pè mí ní nǹkan mìíràn. Bàbá àwọn ọmọ ló ń pè mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí gbogbo ìyàwó ṣe ń pe ọkọ. Bí mo bá ṣẹ̀fẹ̀, ó ṣì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ wò mí ná. Èmi náà ò lè pè é ní Mátírọ́ọ̀nù mọ́. Bí ìwé èyíkéyìí bá wọlé wa, owó iná ni o, ìwé iléèwé ọmọ ni o, òun ló ń gbà á. Á jókòó, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì, á wá tì í mọ́ inú àpótí. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, ọrùn rẹ̀ ló wà.

Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Ọdún tó ṣáájú ìdánwò yẹn, mo kọ̀wé béèrè fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́sàn-án. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi rúlà tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tiẹ̀ rí àṣìṣe kan níbẹ̀ tí mo lọ fi han akọ̀wé. Tèmi nìyẹn. Ti ìyàwó mi jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo, ìlà mẹ́fà péré ló kéré nínú rẹ̀, mo sì wo fọ́tò, mo ní ó ti dáa. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jọ pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì di ohun tí èèyàn ń kà dé ìsàlẹ̀ lójú mi. Ó jẹ́ ohun tí a fi ń ṣeré aláyọ̀ nílé. Mo bo ìwé rẹ̀ dáadáa. Kíkà ló ṣòro fún mi.

Ẹ̀dà tí mo lọ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìfẹ̀yìntì mi ni. Nígbà tí mo dé láìrí i ṣe, mo ní kí ìyàwó mi bá mi dá a padà sínú àpótí. Ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí mi. Ọdún mélòó rèé tí mi ò tíì ṣí àpótí yẹn. Sílíìpù tí mo fi ọ̀rá bò yẹn ló wà lókè pátápátá. Mi ò mọ̀ pé ó fi pamọ́. Mo mú un jáde, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó yíjú, ó rí i lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ sọ pé kò ní bàjẹ́." Ó tọ́ ọbẹ̀ wò ní àtẹ́lẹwọ́. "Kò sì bàjẹ́."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìwé ilé wa ló ti ń gbó, ọ̀rá ìwé ìgbéyàwó wa gan-an ti ń ṣí létí. Èyí nìkan ló ṣì ń dán. Àbàwọ́n yíǹkì àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ níbi tó ti ràn kiri. Lábẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò yẹn, obìnrin kan tí etí rẹ̀ ṣófo, tó ń wò mí ní tààrà, bí ẹni tó gbà pé ọkọ òun ti kà á.